Bí mo ṣe fi kúìnì tuntun sínú ilé oyin tí ìyá wọn sọnù

Ariwo wọn ló kọ́kọ́ fu mí lára. Ilé oyin tó bá ní ìyá nínú, ìyẹn kúìnì tó ń yé ẹyin fún gbogbo wọn, tẹ́ ẹ bá ṣí i, wọ́n á kùn díẹ̀, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ, àmọ́ èyí hó gèè bí mo ṣe gbé ìdérí kúrò, kò sì dákẹ́, gbogbo wọn kàn ń rìn gbéregbère lórí fréèmù, ìyẹn férémù onígi tí wọ́n ń mọ afárá sí. Mo fín wọn ní èéfín, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fréèmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyin tí à ń lá wà, lẹ́búlẹ́bú òdòdó wà, àwọn ọmọ tí wọ́n ti fi ìda bo ojú ihò wọn náà wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹyin, kò sí ìdin. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ bó ṣe pẹ́ tó, torí ẹyin oyin máa ń lo ọjọ́ 3 kó tó di ìdin, ìdin náà á sì jẹun fún bí ọjọ́ 6 kí wọ́n tó bò ó, ìyẹn ni pé ó kéré tán ó ti tó bí ọjọ́ 9 tí kúìnì wọn ti yé ẹyin kẹ́yìn.

Ẹni tí kò bá ní sùúrù á ti sáré lọ ra kúìnì níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Pé ẹ ò rí ẹyin kò ní kó dájú pé kò sí kúìnì, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tọ́ òmíràn fúnra wọn, tó ṣì jẹ́ wúńdíá, tí kò tíì fò jáde lọ bá àwọn akọ oyin lójú ọ̀run. Irú ẹ̀ kéré, ó yára, ojú èèyàn kì í tètè tó o, ó sì lè lo bí ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Tẹ́ ẹ bá wá ti kúìnì olówó gọbọi bọ ibẹ̀, pípa ni wọ́n máa pa á, owó ti wọmi nìyẹn.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ sídìí ilé oyin mi kejì, mo wá fréèmù tó ní ẹyin àti ìdin kéékèèké, mo yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn kí n má lọ gbé ìyá àwọn yẹn mọ́ ọn, mo gbọn àwọn oyin ara ẹ̀ dànù, mo wá fi sí àárín ilé tó ń hó yìí. Tí wọ́n bá ní kúìnì, wọ́n á kàn tọ́ àwọn ọmọ náà di òṣìṣẹ́ ni. Tí wọn ò bá ní, wọ́n á yan díẹ̀ nínú àwọn ìdin yẹn, wọ́n á sì mọ ilé kúìnì fún wọn, ẹ ò lè ṣì í mọ̀, ó máa ń gùn, ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, ara ẹ̀ á rí págunpàgun bí èèpo ẹ̀pà. Nígbà tí mo padà wò ó, mélòó kan ti so rọ̀ lójú fréèmù. Ọ̀rọ̀ ti dájú.

Àwọn kan á ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tọ́ tiwọn dàgbà. Ó ṣeé ṣe, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀: ọjọ́ 16 ni kúìnì ń lò látinú ẹyin kó tó jáde, ẹ fi ọjọ́ tó máa fi lọ bá akọ kún un, tó bá wá yé ẹyin, ó di ọjọ́ 21 kí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jáde, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ oyin lásìkò iṣẹ́ kì í sábà lò ju bí ọ̀sẹ̀ 6 lọ láyé. Òṣìṣẹ́ inú ilé tèmi ò pọ̀ tó láti dúró de gbogbo ìyẹn. Ẹ̀rù kejì tún ni pé tí ilé bá pẹ́ jù láìní ìyá láìní ìdin, àwọn òṣìṣẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin fúnra wọn, ẹ máa rí ẹyin 3, 4 nínú ihò kan ṣoṣo, òmíràn á lẹ̀ mọ́ ògiri torí ìdí wọn ò gùn dé ìsàlẹ̀, akọ nìkan ni gbogbo ẹ̀ sì máa dà. Ilé tó bá ti débẹ̀ yẹn, kó tó gba kúìnì, iṣẹ́ ńlá ni. Mo bá ra kúìnì tí akọ ti gùn tán.

Inú kéèjì kékeré kan ló ń wà, wáyà ni ojú ẹ̀, òun àti òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó ń bọ́ ọ, ṣúgà líle ni wọ́n sì fi dí ihò ẹnu ẹ̀. Kí n tó fi wọlé, mo gbọn oyin kúrò lára gbogbo fréèmù, mo fọ́ gbogbo ilé kúìnì tí wọ́n ti mọ, torí ẹyọ kan péré tó bá sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ti tó láti ba nǹkan jẹ́. Mo fi kéèjì há àárín fréèmù 2 tó ní ọmọ, wáyà kọjú síbi tí ẹnu oyin lè dé, ibi tí ṣúgà wà gbé sókè díẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó bá kú nínú ẹ̀ má lọ dí ọ̀nà. Mi ò tíì ṣí ìdérí tó bo ṣúgà yẹn o.

Ibi tó gbà mí láfiyèsí jù nìyí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yọjú wò ó, wọ́n ti bo kéèjì mọ́lẹ̀ pátápátá, wọ́n ń gé wáyà jẹ, wọ́n tẹ ìdí wọlé bíi pé wọ́n fẹ́ ta á, mo fìka tì wọ́n, wọn ò mira. Ìbínú nìyẹn, wọn ò tíì gbà á. Mo rọra da ìdérí ilé oyin náà padà. Nígbà tó yá tí mo tún wò ó, wọ́n ti tú ká lórí ẹ̀, mo fìka gbá wọn, wọ́n yà fún mi, mo sì rí méjì tó na ahọ́n gba inú wáyà tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ìgbà yẹn ni mo ṣí ìdérí ṣúgà yẹn, kí wọ́n jẹ ṣúgà náà tán fúnra wọn kóun náà lè rìn jáde jẹ́jẹ́. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ kàn tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ bi í pé ta ló máa sanwó òmíràn.

Mo gbé omi ṣúgà fún wọn, ìwọ̀n ṣúgà kan sí ìwọ̀n omi kan, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ láìṣí, ìyẹn gan-an ló le jù jàre, ọwọ́ á máa yún èèyàn.

Nígbà tí mo wá ṣí i, mi ò wá kúìnì fúnra ẹ̀, ẹyin ni mo wá. Mo kẹ̀yìn sí oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè gba èjìká mi wọnú ihò, mo sì rí wọn, funfun, tín-ín-rín, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán nísàlẹ̀ ihò tiẹ̀, kò sí èyí tó ní méjì. Mo yọ kéèjì òfìfo náà, mo sún àwọn fréèmù papọ̀ kí wọ́n má lọ mọ afárá sínú àlàfo ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń bo àwọn ọmọ, ìdérí wọn tẹ́jú, kò wú sókè bíi tàwọn akọ, òṣìṣẹ́ ni kúìnì ń bí nìyẹn, mo sì gbé omi ṣúgà kúrò torí àwọn fúnra wọn ti ń kó omi dídùn òdòdó wọlé.