Bí SNA (ìlànà nẹ́tíwọ́ọ̀kì IBM) ṣe padà kọjá láti Kàdúná sí Àbújá

Lẹ́yìn tí a gbé ẹ̀ka Kàdúná kúrò lórí Token Ring (irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ kan) bọ́ sórí switch Ethernet, mainframe (kọ̀ǹpútà ńlá) IBM tó wà ní Àbújá kò gbúròó wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ DLSw, ètò tó ń gbé SNA gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì IP, ń fi hàn pé ìsopọ̀ rẹ̀ lórí pọ́ọ̀tù TCP 2065 dúró digbí. Àdírẹ́sì MAC, nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni ọ̀ràn wà. Bíìtì tó tóbi jù nínú báìtì kọ̀ọ̀kan ni Token Ring ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, èyí tó kéré jù ni ti Ethernet. Nítorí náà, 4000.3745.0001, àdírẹ́sì mainframe tí àwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ń wá, gbọ́dọ̀ di 0200.ECA2.0080, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò lè mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Mo yí i padà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, mo fi SAP (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ètò tí ìsọfúnni ń lọ bá) sílẹ̀ ní 04, àṣẹ “show dlsw circuits” sì kọ CONNECTED, pé wọ́n ti so pọ̀.