Bẹ́ ẹ ṣe lè fi machine learning yẹ àgbo àwọn ará Ṣáínà wò

Machine learning ni pé kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ látinú dátà, àmọ́ ẹ má tíì sáré kọ kóòdù o. Dátà ló máa kọ́kọ́ fún yín níṣẹ́, torí egbòogi kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́ta mẹ́rin nínú ìwé àtijọ́, tẹ́ ò bá sọ wọ́n di ọ̀kan kọ̀ǹpútà á máa rò pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Shanghan Lun, ìwé ìṣègùn àtijọ́ tí Zhang Zhongjing, oníṣègùn ará Ṣáínà, kọ, àgbo inú ẹ̀ ò ju bíi 113 lọ. Àgbo kan, ìlà kan nínú tábìlì; egbòogi kan, òpó kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi 1 àti 0 sí i, ó wà tàbí kò sí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹ wo àgbo Guizhi Tang: guizhi (ẹ̀ka igi sínámónì) liang 3 (liang ni ìwọ̀n àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà), shaoyao (gbòǹgbò òdòdó peony) liang 3, gancao (gbòǹgbò licorice), atalẹ̀ àti dazao (èso jujube). Tẹ́ ẹ bá sọ shaoyao di liang 6 pẹ́rẹ́, ó ti di àgbo míì nìyẹn, ti inú rírun, egbòogi márùn-ún kan náà o! Ẹ yáa kọ ìwọ̀n sílẹ̀.

Ọ̀nà ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Apriori á bá yín wá àwọn egbòogi tó máa ń rìn pọ̀. Àmọ́ gancao á dà yín láàmú, ó wà nínú èyí tó ju ìdajì àwọn àgbo náà lọ, torí náà lift ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn bí egbòogi méjì ṣe ń wà pọ̀ tó ju bí ì bá ṣe rí ká ní ó kàn ṣèèṣì ni.

Tó bá di ká sọ iṣẹ́ tí àgbo ń ṣe, random forest (ọ̀pọ̀ igi ìpinnu tó jọ ń dìbò) ti tó, dátà yìí kéré jù fún deep learning (ẹ̀yà machine learning tó sábà máa ń fẹ́ dátà rẹpẹtẹ) jàre. Ẹ má sì pín àwọn àgbo tó jẹ́ ẹbí (bíi Guizhi Tang àti èyí tí shaoyao ẹ̀ jẹ́ liang 6) sí train (dátà tẹ́ ẹ fi kọ́ kọ̀ǹpútà) àti test (èyí tẹ́ ẹ fi dán an wò), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máàkì yín á kàn ga lórí irọ́.