Bí Mo Ṣe To Àwòṣe Spitfire Mk I ní Ìwọ̀n 1/48, àti Ohun Tí Mo Ń Múra Sílẹ̀ Fún

Kíìtì (àkójọ ẹ̀yà ike tí a ń tò pọ̀) tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni ti Spitfire Mk I, ọkọ̀ òfurufú ajagun ilẹ̀ Britain nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìwọ̀n 1/48, èyí tí iléeṣẹ́ Tamiya ti ilẹ̀ Japan gbé jáde lọ́dún 2018. Ní ìwọ̀n yìí, mítà kan lára ojúlówó ọkọ̀ ti di nǹkan bíi mìlímítà 21, nítorí náà apá Spitfire tó jẹ́ mítà 11.23 láti ṣóńṣó kan dé èkejì kò ju mìlímítà 234 lọ lórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń to àwòṣe ọkọ̀ òfurufú ló fẹ́ràn ìwọ̀n 1/72 nítorí pé kì í gba àyè, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ ogun ẹlẹ́ńjìnnì kan, 1/48 ni mo yàn láàyò. Ó tóbi tó kí ojú rí ohun tó wà nínú yàrá awakọ̀, kò sì tóbi débi tí ọkọ̀ méjì péré yóò fi gba gbogbo pẹpẹ tán.

Spitfire kì í ṣe ọkọ̀ tó ń bo àléébù mọ́lẹ̀. R. J. Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Supermarine ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1936. Apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ rí roboto, ara rẹ̀ sì ń tín-ín-rín lọ láti àárín dé ìrù láìsí igun kan tó ṣe gbòógì. Bí ojú ìpàdé ike méjì bá hàn lórí irú ara bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ojú ẹni tó ń wò ó yóò kọ́kọ́ bà lé. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu pé ojú ike ni n ó fi gbogbo sùúrù mi tì, láti ìgbà tí mo bá ti gé ẹ̀yà àkọ́kọ́ kúrò lára férémù ike tó so àwọn ẹ̀yà pọ̀ títí di ìgbà tí àwòrán ìlẹ̀mọ́ bá gbẹ.

Irinṣẹ́ tuntun méjì ni mo fi kún èyí tí mo ní. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀mú ìgéke olójú kan. Ẹ̀mú tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ẹnu mímú méjì tí wọ́n jọ ń já ike, wọ́n sì máa ń fún un débi tí yóò fi funfun níbi tí a ti gé e; funfun yẹn kì í dúró lójú nìkan, ó máa ń wọ inú ike lọ. Nínú ti olójú kan, ẹnu kan ló mú, èkejì kàn tẹ́ pẹrẹsẹ láti gba ike dúró, nítorí náà ojú ibi tó gé máa ń mọ́ tónítóní. Ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀, kò sì yẹ kí a fi gé wáyà tàbí férémù tó nípọn, kí ó má baà kán. Èkejì ni fáìlì onígíláàsì, èyí tó ń ha ike láìfi ìlà jíjìn sílẹ̀ bíi ti fáìlì onírin. Bí eruku ike bá dí i, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ti tó láti fọ̀ ọ́.

Kí n tó gé ohunkóhun, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ gbogbo férémù, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Wọ́n lè ti fi ohun tó ń yọ̀ pa inú mọ́ọ̀dù onírin kí ike yíyọ́ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ìyókù rẹ̀ bá wà lára ike, ọ̀dà kì yóò dì í mú dáadáa. Àwọn kan sọ pé kíìtì òde òní kò nílò ìfọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òróró ìka ọwọ́ wa nìkan ti tó ìdí fún mi.

Yàrá awakọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà, nítorí pé a ní láti fi í sáàárín ìlàjì ara ọkọ̀ méjèèjì kí a tó pa wọ́n dé. Àwọ̀ eérú tó fara jọ ewé ni àwọn ará Britain máa ń kun inú rẹ̀. Àga awakọ̀ lára àwọn Spitfire kan jẹ́ irin, ti àwọn mìíràn sì jẹ́ ohun àpòpọ̀ tó pupa rúsúrúsú. Èyí tó pupa ni mo yàn. Mo ra bẹ́líìtì ìjókòó tí wọ́n fi idẹ pẹlẹbẹ ṣe lọ́tọ̀. Idẹ yìí le, ó sì máa ń ta padà bí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà mo fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú un kọjá lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà. Lẹ́yìn tó tutù, ó rọ̀ débi pé mo lè tẹ̀ ẹ́ kí ó sùn sórí àga bí bẹ́líìtì gidi. Gọ́ọ̀mù ike kò lè mú irin, nítorí náà gọ́ọ̀mù tó ń gan lójú ẹsẹ̀ ni mo fi lẹ̀ ẹ́, ẹ̀kán kékeré kan ní ṣóńṣó igi ìtayín.

Lílẹ ara ọkọ̀ pọ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Gọ́ọ̀mù olómi tí a ń lò fún ike polystyrene kì í dúró sáàárín ike méjì bí gọ́ọ̀mù pépà ṣe ń dúró. Ńṣe ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè wọnú ara wọn, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ á gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, ohun tó bá kù á sì di ike kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní fi gọ́ọ̀mù pa etí ike kí ó tó pa á dé mọ́. Èmi kọ́kọ́ pa ìlàjì méjèèjì dé láìsí gọ́ọ̀mù, mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan kan ń dènà, mo ha ohun tó ń dènà kúrò díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo dì í mú pinpin, tí mo sì fi orí búrọ́ọ̀ṣì inú ìgò gọ́ọ̀mù kan ojú ìpàdé náà. Gọ́ọ̀mù náà sáré gba inú àlàfo tín-ín-rín yẹn lọ fúnra rẹ̀, nítorí pé bí àlàfo bá ṣe há tó ni ó ṣe ń fa olómi wọlé tó. Mo lẹ ìwọ̀nba ibi tí ìka mi lè tẹ̀, mo dúró kí ó mú, kí n tó sún síwájú.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo fún ìlàjì méjèèjì pọ̀, ike yíyọ́ sì tú jáde ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹ̀yìn àga awakọ̀ títí dé ìdí ìrù. Ìlà yẹn gan-an ni mo ń wá, nítorí ó fi hàn pé ike ti kún gbogbo àlàfo tó wà nísàlẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án nígbà náà. Inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ dà bí èyí tó ti gbẹ, bí a bá sì ti yára fi sáńpépà ha á, yóò máa sún kì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ìlà á sì tún yọ lábẹ́ ọ̀dà nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni mo kọ́kọ́ fi ha á, fáìlì onígíláàsì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà sáńpépà 600 àti 1000 tí mo rì bọ omi, tí mo sì ń gbé ara ọkọ̀ náà síbi ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan láti rí i bóyá òjìji kan ṣì kù.

Ibi tí apá ti pàdé ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi pọ́tì, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí a fi ń dí àlàfo, dí. Apá Spitfire gòkè díẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, ní igun bíi díígírì 6, bí ó bá sì tẹ́ jù, àlàfo máa ń là lórí. Mo ta téèpù láti ṣóńṣó apá kan, gba orí ara ọkọ̀ kọjá, dé ṣóńṣó èkejì, mo fà á títí àlàfo méjèèjì fi pa dé, nígbà náà ni mo jẹ́ kí gọ́ọ̀mù sáré wọ inú wọn. Pọ́tì kò wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Mo ka èyí sí pàtàkì, nítorí pé pọ́tì àti ike kì í le bákan náà. Sáńpépà máa ń jẹ ọ̀kan ju èkejì lọ, ojú rẹ̀ a sì rí gbágungbàgun. Níbi tí ìlà ìpàdé páànù ti parẹ́ nítorí sáńpépà, mo lẹ téèpù líle kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ìlà náà gbà, mo sì fi abẹ́rẹ́ tún un fà ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú, Mr. Surfacer 1500, ni mo fi ṣe àyẹ̀wò gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ike tí kò tíì gba ọ̀dà máa ń gba ìmọ́lẹ̀ wọ inú díẹ̀, àléébù a sì sá pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ kan. Ibi méjì lábẹ́ imú ọkọ̀ fẹ́ sáńpépà sí i, mo sì ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ́n irú ọ̀dà yìí nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Ìbòmú tó ní asẹ́ fún oru kẹ́míkà ni kí ẹ lò, nítorí ti aṣọ lásán kì í dá oru náà dúró.

Airbrush, ohun èlò tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà, tí imú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.3 ni mo fi kun ọkọ̀ náà, agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi psi 15. Mo po ọ̀dà náà pẹ̀lú omi ìpodà títí ó fi ki bíi wàrà, mo sì fọ́n ọn ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé ọ̀dà tó bá nípọn máa ń kún ìlà páànù tí a ti ṣe wàhálà lé lórí. Àwọ̀ ewé fífẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Sky, tí wọ́n gbà fún abẹ́ ọkọ̀ ajagun ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, ni mo kọ́kọ́ fọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ilẹ̀ ṣíṣú àti àwọ̀ ewé ṣíṣú lórí òkè. Láti pín àwọ̀ méjèèjì níyà, mo fi ọwọ́ yí pọ́tì rírọ̀ tí kì í gbẹ di okùn tín-ín-rín, mo tẹ́ ẹ sí ojú ààlà, mo sì fọ́n ọ̀dà láti òkè tààrà, kí etí àwọ̀ lè rọ̀ díẹ̀ láìfẹ̀ jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ojú ike ti tún padà wá ni àwòrán ìlẹ̀mọ́, ìyẹn àwọn àmì òbìrìkítí àti lẹ́tà tí omi ń tú kúrò lára pépà. Ọ̀dà tí kò dán ní ojú gbígbóró, bí kò tilẹ̀ hàn sí wa. Bí a bá tẹ́ àwòrán ìlẹ̀mọ́ sórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ máa ń há sáàárín àwọn gegele kéékèèké yẹn, ìmọ́lẹ̀ a sì ta padà láti ibẹ̀ bíi fàdákà. Nítorí náà mo fọ́n fáníìṣì dídán sí gbogbo ara ọkọ̀, mo jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí n tó rì àwòrán kankan bọ omi. Mo fi Micro Set, olómi tó ń ran àwòrán ìlẹ̀mọ́ lọ́wọ́ láti lẹ̀, tọ́ ojú ibi tí àwòrán máa sùn sí, mo fà á kúrò lára pépà sí àyè rẹ̀, mo fi òwú fa omi kúrò láti àárín lọ sí etí, mo wá fi Micro Sol, olómi tó ń rọ àwòrán náà, lé e. Àwòrán náà máa ń hunjọ nígbà tí Micro Sol bá ń rọ̀ ọ́, ẹ̀rù sì lè ba ẹni tí kò rí i rí. Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ṣe ń gbẹ ni yóò máa sùn wọ inú ìlà páànù, títí yóò fi dà bí ọ̀dà.

Aṣọ pupa kéékèèké tó ń bo ẹnu ìbọn mẹ́jọ tó wà nínú apá, ọ̀dà ni mo fi ṣe é. Iṣẹ́ wọn ni láti má ṣe jẹ́ kí ọ̀rinrin àti òtútù wọ inú ìbọn kí wọ́n tó yìn ín, nítorí náà n kò fi èéfín ìbọn sí abẹ́ apá, nígbà tí aṣọ náà ṣì wà ní pípé. Ọ̀dà epo dúdú fẹ́lẹ́ nínú ìlà páànù àti èéfín díẹ̀ lẹ́yìn páìpù ẹ́ńjìnnì ti tó. Ní èrò tèmi, àwọn ọkọ̀ tí a ń rí nínú fọ́tò ọdún 1940 kò dọ̀tí tó bí a ti máa ń kùn wọ́n. Gíláàsì orí awakọ̀ ni mo lẹ̀ kẹ́yìn, gọ́ọ̀mù funfun sì ni mo lò, nítorí pé oru gọ́ọ̀mù tó ń gan lójú ẹsẹ̀ máa ń mú kí ike aláìláwọ̀ ṣú.

Èyí tó kàn ni Hawker Hurricane Mk I, ní ìwọ̀n 1/48 kan náà. Iṣẹ́ ọwọ́ Sydney Camm ni, ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1935, òun ni ó sì pọ̀ ju Spitfire lọ láàárín àwọn ọkọ̀ tó gbèjà Britain lọ́dún 1940. Ìṣòro rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Láti ẹ̀yìn awakọ̀ lọ sí ìrù, aṣọ ni wọ́n ta bo igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ike kíìtì sì gbọ́dọ̀ fi àwọn igi wọ̀nyí hàn bí òkìtì wẹ́wẹ́ lábẹ́ aṣọ. Bí mo bá fi sáńpépà ha ojú ìpàdé bí mo ti ṣe fún Spitfire, gbogbo rẹ̀ ni yóò parẹ́. Ohun tí mo gbèrò ni láti fi téèpù bo òkìtì tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí n sì fi ẹnu ọ̀bẹ tóóró kan ṣoṣo ha àárín wọn.

Mo tún fẹ́ tẹ àga awakọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì lára fúnra mi lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tó ń lo resin, ìyẹn ike olómi tí ìmọ́lẹ̀ ń mú gan. Resin olómi lè mú kí awọ ara máa yún tàbí kí ó kórìíra rẹ̀ títí láé, nítorí náà ìbọ̀wọ́ ni n ó máa wọ̀ títí n ó fi fi ọtí isopropyl fọ ohun tí mo tẹ̀, tí n ó sì fi ìmọ́lẹ̀ UV mú un gan. Férémù Hurricane ti di fífọ̀, ó sì ti gbẹ. Ara ọkọ̀ ni n ó kọ́kọ́ gé, kì í ṣe yàrá awakọ̀, nítorí mo fẹ́ mọ bí ìlàjì méjèèjì ṣe bá ara wọn mu kí n tó yan ọ̀bẹ tí n ó lò.