Ìsanrajù: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Nílé àti Lóko

Bí ẹnì kan bá rù díẹ̀, àdúgbò á ní kí ló ń ṣe é. Bó bá sanra, wọ́n á ní ayé yẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìsanrajù gbilẹ̀, torí ẹni tí wọ́n ń kí kú oríire kì í ronú àtilọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò.

Kì í ṣe ọ̀kánjúwà nìkan ló ń fà á. Ẹsẹ̀ la fi ń lọ sóko tẹ́lẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé wa báyìí. Ẹ̀rọ ló ń lọ àgbàdo, ẹ̀rọ ló ń rin gbágùúdá. A ò bá ẹ̀rọ jà o, ẹni tó ti gún iyán ogún èèyàn rí kò jẹ́ bá wa jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ ara dínkù, oúnjẹ ò dínkù. A ń kó ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, a wá ń fi owó rẹ̀ ra búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò bọ̀ wálé. Ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50 nínú, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ò fẹ́ kí àgbàlagbà jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ní 2022, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí ₦10 lórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Náírà 5 péré nìyẹn lórí ìgò 50cl. Lójú tiwa, kò tó nǹkan. Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò fi owó orí pésò kan, ìyẹn owó ilẹ̀ wọn, lé lítà kan ní 2014, àwọn èèyàn sì dín rírà rẹ̀ kù, pàápàá àwọn tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ yá tépù lọ́wọ́ aránṣọ. Ẹ mí jáde, kí ẹ fi yí ikùn ká láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Obìnrin tí kò lóyún tó bá kọjá ínǹṣì 35, tàbí ọkùnrin tó bá kọjá ínǹṣì 40, kó lọ yẹ ìfúnpá àti ṣúgà ara wò.

Kí ẹ̀fọ́ tó dọ́jà, ẹ yọ tilé sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ nínú àwo, kí òkèlè kéré. Ẹ fi ṣíbí wọn òróró. Omi ni kí àlejò mu. Bó bá fẹ́ kùn, kó kùn.

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà fi máa rìn kánmọ́kánmọ́, ó kéré tán. Ẹni tó ń kọ ebè ti ṣe tirẹ̀ kọjá. Ìyá tó jókòó sí ìsọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ni kí ẹ bá wá ọgbọ́n tá á fi máa rìn.