Bí Ojú Tí Wọ́n Ti Ṣiṣẹ́ Abẹ Fún Bá Tún Ń Ṣe Bàìbàì

Ìyá àgbà ti ṣe iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì, ìyẹn lẹ́ǹsì inú ojú tó di funfun, ojú ti là, wọ́n ti ń ṣa òkúta ìrẹsì fúnra wọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tàbí ọdún díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú ṣáá. Iná mọ́tò ń fọ́n ká lójú wọn lálẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wòta láti ẹ̀yìn gíláàsì tó dọ̀tí. Wọ́n á ní, “Kàtáráàtì mi ti padà.”

Kò padà o. Lẹ́ǹsì ojú tó di funfun ni dókítà yọ, kò sì lè hù mọ́. Inú àpò tínínrín kan tó mọ́ gaara ni lẹ́ǹsì yẹn wà tẹ́lẹ̀. Dókítà ṣí iwájú àpò náà, ó ki lẹ́ǹsì àtọwọ́dá bọ̀ ọ́, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbé lẹ́ǹsì tuntun dúró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù sétí àpò ló ń pọ̀ sí i, tí wọ́n ń rá lọ sẹ́yìn lẹ́ǹsì, tí ibẹ̀ fi ń di kùrukùru. Kì í ṣe pé dókítà ṣe iṣẹ́ náà láìdáa. Ojú ọmọdé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ló ti ń tètè ṣẹlẹ̀ jù, nítorí náà ẹ má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò ọmọ jẹ rárá.

Kò sí oògùn ìkánsójú tó lè fọ̀ ọ́, awò tuntun kò sì lè mú un kúrò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kán omi ọmú, ìtọ̀ tàbí àgbo sí i.

Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kí ẹ padà sí, torí gúlúkómà, àrùn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, àti ìtọ̀ ṣúgà náà lè mú ojú ṣe bàìbàì. Tó bá jẹ́ kùrukùru ẹ̀yìn lẹ́ǹsì ni, iná léésà tí wọ́n ń pè ní YAG ni wọn yóò fi la ihò kékeré sí àárín ẹ̀yìn àpò náà, kí ìmọ́lẹ̀ ráyè kọjá. Ẹ ó jókòó, ẹ ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ; ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sí abẹ, kò sí rírán. Ẹ̀ẹ̀kan ló sábà máa ń tó fún àgbàlagbà. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ sì béèrè iye owó rẹ̀.

Oògùn tí wọ́n fi ń la ọmọlójú kí wọ́n tó lo léésà náà yóò mú kí oòrùn máa ta yín lójú fún wákàtí mélòó kan. Ẹ má fúnra yín wa ọ̀kadà lọ sílé. Ẹ lè máa rí nǹkan bí kòkòrò kéékèèké tó ń fò níwájú ojú. Ó sábà máa ń lọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń kọ mànà lójú, bí òjìji bá bo apá kan bí aṣọ ìkélé, tàbí bí ojú bá pọ́n tó sì ń ro yín gan-an, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kódà bó jẹ́ ọjọ́ ìkórè.