Bí Mo Ṣe Padà Sídìí Oúnjẹ Lẹ́yìn Ààwẹ̀ Jùúsì

Kí n tó sọ ohun tí mo kọ́kọ́ jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń mu. Nínú oṣù kìíní, nígbà tí ìjọ wa kéde ààwẹ̀ ọdún tuntun, àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fẹnu kò pé omi èso nìkan la ó fi gba tiwa. Ọyẹ́ mú ní Ìbàdàn, ọsàn wà lọ́jà, wọ́n sì to wọtamẹ́lọ̀n jọ gègèrè ní Bódìjà. Mo máa ń lọ kárọ́ọ̀tì, kùkúńbà àti wọtamẹ́lọ̀n pọ̀ pẹ̀lú atalẹ̀ díẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ewé ugwu tàbí bíìtì sí i, n ó wá fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ. (Ẹni tó bá ń mu bíìtì, kó má ṣe bẹ̀rù bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pupa. Àwọ̀ bíìtì náà ni.) Èèrí tó kù nínú asẹ́, adìẹ onílé wa ló ń jẹ ẹ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí eyín mi ò fi rún nǹkan kan.

Ẹ fi èèrí yẹn sọ́kàn. Òun ni ìfun máa ń rí tì síwájú nígbà tí a bá jẹun. Omi tí mò ń mu ní ṣúgà èso, ó ní potásíọ̀mù àti fítámìn C, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ ò tó nǹkan, ọ̀rá inú rẹ̀ náà ò sì ju wẹ́rẹ́ lọ. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni inú ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ẹni tó bá wá ṣàdédé ju òkèlè iyán sí irú inú bẹ́ẹ̀, wàhálà ló ń wá.

Kì í ṣe ikùn mi ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu o, àwọn èèyàn ni. Gbogbo ẹni tó yí mi ká ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣínu. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa á fi dàbínù àti omi ṣí i, wọ́n á kírun, wọ́n á sì jókòó ti oúnjẹ gidi. Nínú ìjọ tiwa, ẹni tó gbààwẹ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lè ti máa fọwọ́ lá ewédú kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé àṣejù ni tèmi. Ìyá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà ti ra iṣu sílẹ̀, wọ́n sì ti ní kí wọ́n pa adìẹ.

"Ìyàwó mi, wo eegun ọrùn rẹ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní a ò fún ọ lóúnjẹ ni?"

"Rárá o, Màámi. Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ bá mi fi adìẹ yẹn sí fíríìjì."

"Fíríìjì wo? Iná wo?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, iná ò sí. Wọ́n se adìẹ náà lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ sì bá wọn jẹ ẹ́.

Ẹni tó ń jẹun lálaalẹ́, ara rẹ̀ ò kúrò nídìí oúnjẹ, ó kàn sinmi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹni tí kò jẹ nǹkan gidi fún ọjọ́ púpọ̀, ara rẹ̀ ti ń jó ọ̀rá tó tọ́jú pamọ́, ó sì ti ń ná àwọn èròjà tí kò rí dá padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Wọ́n ní bí oúnjẹ púpọ̀, pàápàá èyí tó jẹ́ kìkì sítáàṣì àti ṣúgà, bá ya wọ irú ara bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìnsúlíìnì, ìyẹn èròjà tí ara fi ń kó ṣúgà wọnú sẹ́ẹ̀lì, á ru sókè, á sì máa ti fọ́sífétì, potásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ lè má tó ọkàn àti iṣan lò mọ́. Fítámìn B1 tí ara fi ń sọ ṣúgà di agbára náà lè tán pátápátá. Refeeding syndrome ni àwọn dókítà ń pè é, ó sì máa ń pa èèyàn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bergen-Belsen, àgọ́ tí ìjọba Násì kó àwọn èèyàn mọ́ ní Jámánì, ní oṣù kẹrin ọdún 1945, oúnjẹ sójà tó lọ́ràá wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ há fún àwọn tí ebi ti pa kan eegun. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbà á, wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ìtúsílẹ̀ ti dé.

Tèmi ò le tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ara mi le kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń rí ṣúgà èso mu lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ìlànà tí NICE, ìyẹn àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fáwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi lélẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ní ká tẹ̀ lé: ẹni tó bá ti lò ju ọjọ́ 5 lọ tí kò jẹun, tàbí tó ń jẹ kín-ún, kí wọ́n má ṣe fún un ju ìdajì oúnjẹ tó yẹ ẹ́ lọ ní ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Ìdajì yẹn ni mo gbá mú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ́ bu oúnjẹ fún mi, mo máa ní, "Ẹ dá a sí méjì."

Èso ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣí irú ààwẹ̀ yìí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun dídùn ti sú mi, ahọ́n mi ti funfun, mo ń wá nǹkan tó kan lẹ́nu. Ògì ni mo rà. Mo po ògì funfun nínú omi tútù kó má baà ṣe kókó, mo da omi tó hó yaaya lé e, mo ń rò ó títí tó fi dì. Mo tún fi omi gbígbóná là á kó lè ṣàn dáadáa. Mi ò fi mílíìkì sí i, mi ò fi ṣúgà sí i, iyọ̀ díẹ̀ báyìí ni. Ìdajì kọ́ọ̀pù ni mo bù, síbí ni mo sì fi mu ún. Síbí àkọ́kọ́, mo mọ ibi tó gbà lọ: ó gbóná lọ́nà ọ̀fun, ó gbóná láàárín àyà, ó wá dúró síbì kan lókè ìdodo. Mo gbé síbí sílẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó pariwo débi pé ọmọ mi kékeré yọjú láti yàrá, ó ní, "Mọ́mì, kí nìyẹn?" Mo mu ìyókù.

Mi ò dá jùúsì dúró lọ́jọ́ yẹn o, mo kàn dín in kù sí ìdajì ni. Lọ́sàn-án mo gé ìbẹ́pẹ pípọ́n wẹ́wẹ́, mo jẹ díẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, mo bọ ẹja tútù pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀, kò sí ata, kò sí òróró. Mo mu omi rẹ̀, mo sì yọ ẹran ara ẹja díẹ̀ kúrò lára eegun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé iṣẹ́ ti pẹ́ lọ́wọ́ òun: kí n tó rún èyí tó wà lẹ́nu tán, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ rún un dáadáa bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Látẹnu ni itọ́ ti ń bá wa lọ sítáàṣì, èyí tí ẹnu bá sì ṣe sílẹ̀, inú ò tún ní ṣe é mọ́.

Oúnjẹ tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù ni mo jẹ lọ́jọ́ kejì: ẹ̀kọ tútù àti ewédú. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ni ní ààwẹ̀ jùúsì. Búrẹ́dì aláwọ̀ igi, óòtì àti àwọn èso tí wọn kì í tà ládùúgbò wa ni wọ́n máa ń kà sílẹ̀. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ewé eéran pọ́n, tó dì dáadáa, ń yọ̀ lẹ́nu. Ògì rẹ̀ ti kan, wọ́n ti sẹ́ èèrí rẹ̀ kúrò, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ewédú ni mo fẹ́ kó gbé èèrí tirẹ̀ wá, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ rẹ̀. Mo já a, mo fi ìjábẹ̀ lù ú títí kò fi sí ewé ńlá níbẹ̀ mọ́, mo fi irú àti iyọ̀ sí i, mi ò fi káún sí i. Mo ṣí ewé ẹ̀kọ kan, mo gé e sí wẹ́wẹ́, mo fi ewédú sín in. Ìyá ọkọ mi wò mí, wọ́n ní, "Ata dà?" Mo ní ata ń bọ̀.

Iyọ̀ yà mí lẹ́nu. Ìwọ̀n tí mo máa ń fi sọ́bẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi, bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ yẹn náà làwọn ará ilé ń jẹ tí wọ́n ní kò níyọ̀. Mo lo àǹfààní yẹn láti dín magí kù nílé, wọn ò sì tíì mọ̀.

Ẹyin sísè kan wọlé, ó dúró. Iṣu tí mo sè títí tó fi rọ̀ pátápátá náà dúró. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ fà sẹ́yìn nítorí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ṣe jẹ́ kó pẹ́ jù, torí pé magnẹ́síọ̀mù, fọ́sífétì àti fítámìn B1 tí a ń bẹ̀rù pé ó lè tán, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀wà. A wá ṣe é ní mọ́ínmọ́ín ewé. Mo bó ẹ̀wà náà mọ́, ó lọ̀ kúnná, kò sí rodo níbẹ̀, mo sì jẹ ìdajì ewé kan. Inú mi wú díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rìn yípo ilé, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe wà. Kò yá bọ̀rọ̀. Ohun tí kò wọlé ò lè jáde, ó sì gba àsìkò kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tó rìn débẹ̀. Ní àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ayé á máa gbé agbo jẹ́díjẹ́dí wá, wọ́n á ní kó o fi fọ inú. Kí ni mo tún fẹ́ fọ̀ nínú inú tó ṣófo? Ohun tó ń gbọ̀n ọ́ lọ síta yẹn ló máa gbé omi àti potásíọ̀mù tí ò ń tọ́jú lọ. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ewédú ni mo gbájú mọ́, nígbà tó sì yá, ó yá.

Ìwúwo náà á padà lára ìwọ̀n, ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́. Ṣúgà tí ara ń kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan máa ń di omi mú, nǹkan bíi gíráàmù 3 omi sí gíráàmù 1 ṣúgà. Ohun tó kọ́kọ́ lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nìyẹn, òun náà ló kọ́kọ́ padà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá wú, bí àyà bá ń lù kìkìkì, bí èémí ò bá já gaara, bí ojú bá ń ṣókùnkùn tàbí bí ọ̀rọ̀ bá ń dàrú mọ́ni lẹ́nu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé a ó mu ẹ̀kọ sí i, ilé ìwòsàn ni. Aboyún, ìyá ọlọ́mọ ọwọ́, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ àti ẹni tó lárùn kíndìnrín, èmi ò ní bá wọn sọ pé kí wọ́n gba irú ààwẹ̀ yìí rárá.

Mo fi òróró, ẹran àti ata kẹ́yìn, bí mo ṣe tò wọ́n yìí náà ni mo ṣe mú wọn padà. Epo pupa wẹ́rẹ́ nínú ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn náà, adìẹ, nítorí pé ìyá ọkọ mi ò gbàgbé, wọ́n ra òmíràn. Ata sì ni mo mú wọlé látorí tàtàṣé, kí n tó kan ṣọ̀nbọ̀, kí n tó wá kan rodo. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú kó tún fa rodo sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí, mo gbà pé ó ti tó. Mo wọ búkà kan, mo ní kí wọ́n bu àmàlà kan ṣoṣo fún mi, kí wọ́n gé e sí méjì, kí wọ́n gbé ìdajì fún mi pẹ̀lú àbúlà, ẹran kan, kí ata má pọ̀. Olóńjẹ gbé ọmọrogùn dúró lọ́wọ́. "Àǹtí, ṣé ara yín ò yá ni?" Mo ní ara mi yá, mo san owó odindi, mo jókòó.