Etí Tó Wà Lára Sẹ́ẹ̀lì: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tí Ásímà Wà l'Ékìtì

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń yan gàrí, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń da kòkó gbígbẹ sápò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ́ńjìnnì ìrẹsì ní Ìgbẹmọ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èéfín àti eruku kan náà la jọ ń fà símú, àmọ́ ẹnì kan á sín lásán, ẹnì kejì á máa mí fée fée títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Sẹ́ẹ̀lì ara wa, ìyẹn àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n fi kọ́ ara, ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní risẹ́pítọ̀, ẹ ṣáà máa pè é ní etí, torí òun ni sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí i. Àwọn olùwádìí máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tó ní ásímà àti ẹni tí ò ní, nígbà míì wọ́n á ti páìpù tín-ínrín wọ ọ̀nà èémí mú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀, wọ́n á wá fi wéra. Nínú ásímà tí alájì ń fà, ìyẹn kí ara máa kórìíra nǹkan bí eruku, wọ́n rí i pé etí tó ń di IgE mú, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń dá ohun tó kórìíra mọ̀, máa ń pọ̀ ju tẹni tára ẹ̀ dá lọ. Bí eruku bá ti kan IgE yẹn báyìí, hístámíìnì, èròjà tó ń mú ara wú, á tú jáde, ọ̀nà èémí á wú, á fún.

Etí kejì ni béta-2, ara iṣan ọ̀nà èémí ló wà, òun sì ni ínhélà búlúù, oògùn tá à ń fà sẹ́nu, ń bá sọ̀rọ̀ kí iṣan lè dẹ̀. Ibí yìí ló ń dùn mí jù. Mo rí ìyá kan tó so ínhélà búlúù mọ́ etí ìró bí ẹni so owó, bó bá ro gàrí lẹ́ẹ̀kan á fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò ṣiṣẹ́ bíi tàtijọ́ mọ́. Ẹni tílé ẹ̀ bá ti ẹ́ńjìnnì ìrẹsì, bó bá pẹ́ kì í gbọ́ ariwo ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà letí béta-2 ṣe ń dín kù téèyàn bá ń fa búlúù nìkan ṣáá. Ínhélà ojoojúmọ́ tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, èyí tó sábà máa ń jẹ́ búráùn, ló ń jẹ́ kí ara hu etí béta-2 míì, ó tún ń mú wíwú yẹn lọlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á tì torí pé ara ti yá. Láti 2019 làwọn GINA tó ń ṣe ìtọ́sọ́nà ásímà fún àgbáyé ti ní kí àgbàlagbà má lo búlúù nìkan mọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé kẹ́mísì, ẹ sọ pé ásímà wà lára yín o, torí propranolol tí wọ́n ń fún àwọn kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru, etí béta-2 yẹn gan-an ló ń dí pa.

Nídìí ààrò, ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kì í ṣe ibi tí èéfín ń lọ. Bẹ́nì kan ò bá sì lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, ẹ gbé e lọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa fún un ní búlúù lójú ọ̀nà.